Ríra Ilẹ̀ Oko ní Jọ́jíà, Amẹ́ríkà: Ìfiwéra Àríwá, Àárín àti Gúúsù

Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ oko ní ìpínlẹ̀ Jọ́jíà sábà máa ń fi iye owó ékà kan ṣe òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n yẹn máa ń tan ni jẹ. Ékà kan nítòsí Gainesville, ékà kan nítòsí Madison àti ékà kan nítòsí Camilla kì í ṣe ọjà kan náà. Ní Gainesville, iléeṣẹ́ adìẹ tó yí ibẹ̀ ká wà nínú owó tí ẹ ń san. Ní Madison, ìtòsí Atlanta lẹ ń rà. Ní Camilla, erùpẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀ ni. Káńtì 159 ló wà ní ìpínlẹ̀ náà, bí ẹ bá sì ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbìn tàbí tí ẹ fẹ́ sìn, ó kéré tán, 120 nínú wọn á ti kúrò lórí ìwé yín.

Ìlà kan wà tí wọ́n ń pè ní Fall Line, tó gba Columbus, Macon, Milledgeville àti Augusta kọjá. Lápá òkè ìlà yìí, àpáta ló wà nísàlẹ̀, amọ̀ pupa ló bò ó. Lápá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí òkun wà láyé àtijọ́ ni, yanrìn àti erùpẹ̀ fúyẹ́ ló sì fi sílẹ̀. Apá ìlà tí ilẹ̀ kan wà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀.

| Agbègbè | Ìlú tí ẹ fi lè dá a mọ̀ | Ilẹ̀ | Omi | Ohun tó ń ṣe dáadáa | Ohun tó ń fa wàhálà |
|---|---|---|---|---|---|
| Orí òkè, àríwá pátápátá | Ellijay, Blue Ridge, Clayton | Tínrín, ó dàgẹ̀rẹ̀ | Ìsun àti odò kékeré | Ápù, àjàrà, màlúù díẹ̀ | Ìdàgẹ̀rẹ̀, ìrì dídì tó ń pẹ́ kó tó lọ |
| Àárín, Piedmont | Gainesville, Athens, Madison, Griffin | Amọ̀ pupa | Kànga inú àpáta, kò dáni lójú | Adìẹ, màlúù, koríko ẹran, ewébẹ̀ fún Atlanta | Owó ilẹ̀, erùpẹ̀ tí ọ̀gbàrá ti gbá lọ |
| Gúúsù ìwọ̀ oòrùn | Albany, Camilla, Bainbridge | Yanrìn lórí amọ̀ fúyẹ́ | Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó nílò ìwé àṣẹ | Ẹ̀pà, òwú, àgbàdo, pecan (igi eléso kóró) | Ìwé àṣẹ omi, ìjì líle |
| Gúúsù àárín àti ìlà oòrùn | Tifton, Vidalia, Alma, Waycross | Yanrìn. Àwọn ibì kan ń di ẹrẹ̀ | Ó pọ̀, nígbà mìíràn ó pọ̀ jù | Àlùbọ́sà, blueberry, ẹ̀pà, ewébẹ̀ | Àbàtà, aràn inú ilẹ̀ |

Orí òkè kò ní gbà wá lákòókò. Ó lẹ́wà, àwọn ará ìlú ńlá ń rà á fún ilé ìsinmi, ìyẹn ló sì gbé owó rẹ̀ sókè ju ohun tí oko lè pa padà lọ. Àyàfi bí ẹ bá fẹ́ gbin ápù tàbí àjàrà tí àlejò yóò wá fọwọ́ ara wọn já, kí ẹ sì rí àfonífojì tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Amọ̀ pupa àti yanrìn

Amọ̀ pupa Piedmont, èyí tí oríṣi Cecil gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, ń di oúnjẹ ọ̀gbìn àti omi mú dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé òwú tí wọ́n gbìn sórí rẹ̀ láti ìran dé ìran jẹ́ kí ọ̀gbàrá gbá erùpẹ̀ òkè lọ, amọ̀ tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ló wá di ojú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ gbé ṣọ́bìrì dání. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó íǹṣì 12 síbi mẹ́ta: téńté òkè, àárín ìdàgẹ̀rẹ̀, àti ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá rí erùpẹ̀ dúdú-dúdú tó tó íǹṣì 6 kí ẹ tó kan pupa ní ibi àárín, ẹni tó ni oko náà ti tọ́jú rẹ̀. Bí pupa bá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ilẹ̀, ọdún púpọ̀ ni ẹ ó fi da ìgbẹ́ ẹran sí i tí ẹ ó sì máa gbin ewéko ìbolẹ̀ kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹ yọ ìyẹn nínú owó tí ẹ fẹ́ dá.

Ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀ láti inú ihò náà, ẹ fi omi pò ó lọ́wọ́, kí ẹ wá fi àtàńpàkò tì í jáde lórí ìka ìfábẹ̀là. Bí ó bá gùn ju íǹṣì 2 lọ kó tó já, amọ̀ gidi ni. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ gbé tírákítọ̀ wọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù. Bí oòrùn bá pa á tán, bíríkì lẹ ó máa fọ́ títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní gúúsù, oríṣi tí gbogbo àgbẹ̀ ń wá ni Tifton. Òkúta pupa wẹ́wẹ́ máa ń wà káàkiri ojú rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á sì rò pé òkúta ti ba ilẹ̀ náà jẹ́. Àmì ilẹ̀ rere ni. Yanrìn alámọ̀ díẹ̀ ló wà lókè, amọ̀ fúyẹ́ wà nísàlẹ̀, omi kì í dúró lórí rẹ̀, tírákítọ̀ sì lè wọ̀ ọ́ láìpẹ́ lẹ́yìn òjò. Ohun tí kò ní ni agbára láti tọ́jú àjílẹ̀. Ẹni tó bá da àjílẹ̀ ọdún kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà, òjò á wọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ kí gbòǹgbò tó rí i. Ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n máa ń pín in sí. Ẹ ṣọ́ra fún ilẹ̀ tí yanrìn funfun rẹ̀ jìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ láìkan amọ̀ kankan. Owó rẹ̀ máa ń kéré lórí ìpolówó, ṣùgbọ́n láìsí ìbomirin, igi páìnì nìkan ló ń gbà á láyè.

Kò sí agbègbè tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í kan. Ẹ fi nǹkan bíi 15 sí 20 ihò kékeré tó jìn tó íǹṣì 6 kó erùpẹ̀ jọ, ẹ pò ó papọ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Extension ti Yunifásítì Georgia, ẹ̀ka tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, ní káńtì náà. Owó àyẹ̀wò náà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. pH ni òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe ń kan tó. Ewébẹ̀ àti ẹ̀pà ń fẹ́ pH 6.0 sí 6.5, blueberry ń fẹ́ nǹkan bíi 4.5 sí 5. Nítorí náà, ilẹ̀ kíkan tó wà nítòsí Alma jẹ́ ọrọ̀ fún ẹni tó ń gbin blueberry, ó sì jẹ́ gbèsè fún ẹni tó fẹ́ gbin ilá. Tọ́ọ̀nù ẹfun òkúta lílọ̀ 1 sí 2 lórí ékà kan ni èsì àyẹ̀wò sábà máa ń ní kí wọ́n dà láti dín kíkan náà kù. Ó ń gba oṣù díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, torí náà kí ẹ dà á ṣáájú ọ̀gìnnìtìn.

Kí ẹ tó wa mọ́tò lọ rárá, ẹ ya ààlà ilẹ̀ náà sórí Web Soil Survey ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ó máa sọ oríṣi erùpẹ̀ àti ìpele rẹ̀ fún yín. Ìpele 1 àti 2 ni ilẹ̀ ọ̀gbìn gidi. 3 ń fẹ́ ìtọ́jú. Láti 4 lọ, ẹ rò ó bí ilẹ̀ koríko ẹran tàbí ti igi. Olùtà kan lè polówó ékà 60 kó jẹ́ pé 22 péré nínú rẹ̀ ló ṣeé ro. 22 náà ni kí ẹ fi pín iye owó tó ń pè, kì í ṣe 60.

Omi: ibi tí ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù

Òjò tó ń rọ̀ lọ́dún ní Jọ́jíà tó íǹṣì 50, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, àmọ́ ó pín kárí ọdún, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn gígùn. Ohun tó ń pa àgbẹ̀ lára ni ọ̀dá kúkúrú, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ̀kán òjò kan kò ní rọ̀ ní àárín ooru. Amọ̀ lè fara dà á. Yanrìn kò lè fara dà á.

Ìṣírò rẹ̀ rèé. Láti da omi tó ga ní íǹṣì 1 sórí ékà kan, gálọ́ọ̀nù 27,154 ni. Ewébẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí íǹṣì 1 lọ́sẹ̀ nígbà ooru, èyí jẹ́ gálọ́ọ̀nù 3,900 lójúmọ́ lórí ékà kan. Kànga ẹ̀rọ tó ń fún yín ní gálọ́ọ̀nù 5 ní ìṣẹ́jú kan, tó bá fa omi tọ̀sán-tòru láìsinmi, 7,200 ni. Kò tó ékà méjì.

Gálọ́ọ̀nù 5 yìí kì í sì í ṣe àsọdùn ní Piedmont. Inú ihò pàlàpálá àpáta ni omi wà níbẹ̀, ẹni tó gbẹ́ kànga tó bá ihò náà pàdé á yọ̀, aládùúgbò rẹ̀ tó gbẹ́ tirẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ lè rí omi mímu nìkan. Nítorí náà, ilẹ̀ Piedmont tí kò ní kànga, kò sí ẹni tó lè ṣèlérí omi rẹ̀ fún yín, ajẹ́ńtì ni o, agbẹ́kànga ni o. Bí kànga bá ti wà, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ẹ ó sì máa wọn ohun tó ń jáde. Gálọ́ọ̀nù ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kò wúlò. Ti wákàtí kẹrin ni kí ẹ gbà gbọ́. Adágún tí wọ́n gbẹ́ sínú oko máa ń ṣeé gbára lé ju kànga lọ ní agbègbè yìí, bí ẹni tó kọ́ ògiri rẹ̀ kò bá jẹ́ kí igi hù sórí rẹ̀. Rọ́bà oníhò tó ń kán omi díẹ̀díẹ̀ ń dín ohun tí ẹ ó lò kù gan-an, torí ẹsẹ̀ ọ̀gbìn nìkan ló ń rin.

Ẹ wá wo gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Floridan wà nítòsí ojú ilẹ̀ níbẹ̀, kànga tó ń fún ni ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún gálọ́ọ̀nù ní ìṣẹ́jú kan kì í sì í ṣe ohun ìyanu. Ohun tó wà níbẹ̀ ni òfin. Ẹni tó bá máa fa omi oko tó ju gálọ́ọ̀nù 100,000 lójúmọ́ lọ, ní ìpíndọ́gba oṣù kan, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ EPD, ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó àyíká. Ní ìbámu pẹ̀lú ìṣírò òkè yẹn, 100,000 ń tó nǹkan bí ékà 25. Oko ewébẹ̀ kékeré kò débẹ̀. Ẹni tó ń ra ékà 200 fún ẹ̀pà àti òwú ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní 2012, EPD dá ìwé àṣẹ tuntun dúró ní apá púpọ̀ nínú agbègbè ìsàlẹ̀ odò Flint, torí pé omi abẹ́ ilẹ̀ àti odò ibẹ̀ so kọ́ra, Florida tó wà nísàlẹ̀ odò sì ń bínú. Ẹjọ́ tí Florida pè dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá Jọ́jíà láre ní 2021, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ omi di ọ̀fẹ́. Ẹ béèrè ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ lónìí lórí ilẹ̀ náà gan-an lọ́wọ́ EPD, kí ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu olùtà.

Ẹ̀rọ ìbomirin gígùn tó dúró sójú oko kì í ṣe ẹ̀rí pé ìwé àṣẹ wà. Ẹ gba nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà, kí ẹ wò ó bóyá kànga ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí odò, iye gálọ́ọ̀nù, iye ékà, àti bóyá mítà wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìwé àṣẹ náà lè tẹ̀ lé ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹ̀yin náà ló sì yẹ kí ẹ kọ̀wé sí EPD pé ilẹ̀ ti yí ọwọ́ padà. Ilẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ àti èyí tí kò ní, bí wọ́n tilẹ̀ pààlà, kò yẹ kí owó wọn jọra.

Níhà Waycross àti etí òkun, omi tó pọ̀ jù ni ìṣòro. Ẹ má ṣe wo ilẹ̀ ibẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí ohun gbogbo gbẹ. Oṣù Kejì ni kí ẹ lọ, kí ẹ wọ bàtà rọ́bà. Bí ọ̀pẹ kúkúrú tí wọ́n ń pè ní palmetto bá bo ibẹ̀, tí ihò ẹsẹ̀ bàtà kan sì kún fún omi láàárín wákàtí kan, ilẹ̀ igi páìnì ni. Àbàtà tí òfin àpapọ̀ ń dáàbò bò, ẹ ò lè kàn gbẹ́ kòtò fa omi rẹ̀ dànù kí ẹ sọ ọ́ di oko.

Ohun tí wọ́n ti dà sórí ilẹ̀ náà

Apá yìí ni àwọn tó ń rà fún ewébẹ̀ máa ń fò, òun ló sì ń ba ọdún àkọ́kọ́ jẹ́.

Ní Piedmont, pápá ìjẹko ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà fún títà. Àwọn olówó màlúù máa ń fi oògùn apako tó ní aminopyralid tàbí picloram fọ́n pápá wọn. Koríko kì í kú. Àwọn ewéko eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń pa, tòmátò, ẹ̀wà àti ata sì wà lára wọn. Oògùn náà ń gba inú màlúù kọjá láìkú, ó ń wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ àti nínú koríko gbígbẹ tí wọ́n dì. Ewé tòmátò á máa ká kò, á tínrín, ẹ ó máa rò pé àrùn ni. Ẹ bu erùpẹ̀ láti ibi mẹ́rin nínú pápá náà, ẹ fi sínú ìkòkò kékeré mẹ́rin, ẹ fi erùpẹ̀ àpò tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù sínú méjì mìíràn, kí ẹ gbin ẹ̀wà sínú gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó. Bí ewé ẹ̀wà inú erùpẹ̀ oko bá ń ká, tí ti ṣọ́ọ̀bù sì dára, ilẹ̀ yẹn kò tíì ṣeé fi gbin ewébẹ̀.

Ní gúúsù, oògùn ẹ̀pà tó ní imazapic ló yẹ kí ẹ béèrè. Òwú gan-an, oṣù 18 ni ìwé rẹ̀ ní kí wọ́n dúró kí wọ́n tó gbìn ín síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ewébẹ̀ ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí olùtà tàbí ẹni tó ń háyà oko náà kọ orúkọ oògùn ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa ní àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Aràn tíntìntín tó ń ta kókó sí gbòǹgbò ni ọ̀tá ilá ní ilẹ̀ yanrìn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbin òwú sí lọ́dọọdún máa ń kún fún un. Èyí tí ẹ̀pà wà láàárín máa ń mọ́ díẹ̀, torí oríṣi aràn tó ń jẹ òwú àti ilá kì í jẹ ẹ̀pà. Bí ọ̀gbìn kan bá wà lórí ilẹ̀, ẹ fa á tu kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Àyẹ̀wò aràn wà ní Extension bákan náà, kí ẹ ṣe é nígbà ìkórè, nígbà tí wọ́n pọ̀ jù.

Oko ápù àtijọ́ lórí òkè àti oko peach àtijọ́ ní àyíká Fort Valley, ẹ ní kí wọ́n yẹ òjé àti arsenic wò níbẹ̀. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń lò láyé ìgbà náà kì í jẹrà.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Ẹni tó fẹ́ gbin ilá, ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo fún àwọn ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà ní Atlanta: ékà 5 sí 15 ní Piedmont, ní ìhà gúúsù tàbí ìlà oòrùn Atlanta, ibi tí ẹ lè dé láàárín wákàtí kan àbọ̀. Ilẹ̀ gúúsù dára jù, ó sì rọjú jù, ṣùgbọ́n ewédú kì í dúró de ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú ooru láìsí ọkọ̀ olótùútù, owó ọkọ̀ náà á sì jẹ owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́. Kí ilẹ̀ náà ní adágún tàbí kànga tí ẹ ti dán wò. Ìrì dídì ṣì lè pa irúgbìn títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin níbẹ̀. Ní àyíká Tifton, ó sábà ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ata rodo máa ń pẹ́ kó tó so, torí náà abẹ́ ilé ọ̀rá ni kí ẹ ti gbin ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gẹ́, ẹ gbàgbé rẹ̀: ìrì dídì ń pa á.

Ẹni tó fẹ́ ẹ̀pà, òwú tàbí àgbàdo: gúúsù ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Àmọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, tí kò sì ní ju ékà 50 lọ, ó sàn kó fi ilẹ̀ náà háyà fún àgbẹ̀ àdúgbò ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ìwu ẹ̀pà kan ṣoṣo lè gbé owó oko kékeré mì.

Àlùbọ́sà Vidalia ní òfin tirẹ̀ láti 1986: káńtì 13 lódindi àti apá kan nínú 7 mìíràn ni orúkọ náà tọ́ sí. Ilẹ̀ tó wà ní òdì kejì ààlà, bí erùpẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ rí bákan náà, àlùbọ́sà lásán ni yóò máa tà. Nínú àwọn káńtì tó jẹ́ apá kan, ẹ fi máàpù òfin náà wé ti ilẹ̀ yín.

Oko pecan tó ti ń so máa ń wu ni, ẹ béèrè irú igi tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Desirable ń so kóró ńlá, ṣùgbọ́n àrùn scab fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ó máa fọ́n oògùn sí i léraléra lọ́dún kan. Elliott kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ìjì Michael ní oṣù Kẹwàá 2018 àti Helene ní oṣù Kẹsàn-án 2024 wó igi pecan púpọ̀ lulẹ̀. Ẹ rìn láàárín ìlà igi, ẹ wo èyí tó ti fì àti èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti là. Igi tuntun kì í mú owó gidi wá láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́. Peach náà ní ìṣòro tirẹ̀: ó nílò òtútù tó láàárín ọ̀gìnnìtìn. Ní 2023, ooru ìgbà òtútù àti ìrì dídì oṣù Kẹta jẹ èyí tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá èso ìpínlẹ̀ náà.

Ilé adìẹ tó wà ní káńtì Hall, Banks tàbí Franklin: iléeṣẹ́ ló ni òròmọdìẹ àti oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ilé àti gbèsè rẹ̀. Ilé adìẹ tí kò ní iléeṣẹ́ tó ń kó òròmọdìẹ wá, páànù gígùn lásán ni. Àdéhùn olùtà kì í bọ́ sọ́wọ́ yín fúnra rẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ náà kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ó sọ iye ọdún, iye ọ̀wọ́ adìẹ lọ́dún, àti àtúnṣe tí wọ́n máa ní kí ẹ ṣe.

Ìwé ilẹ̀

Ní apá púpọ̀ ìpínlẹ̀ yìí, ìjọba pín ilẹ̀ fún àwọn òyìnbó nípa títa lọ́tìrì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ègé ilẹ̀ náà sì jẹ́ ékà 202.5. Ìwé ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rọrùn kà. Ní ìlà oòrùn, ibi tí lọ́tìrì kò dé, ìwé àtijọ́ lè ní «láti igi óákù dé etí odò», igi náà sì ti wó tipẹ́. Ẹ má ra ilẹ̀ ibẹ̀ láìgbé sọ̀fíyọ̀ lọ, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ sọ pé ààlà kò ní ìjà.

Ilẹ̀ ẹbí wà ní Jọ́jíà náà, pàápàá láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú: baba ńlá kú láìṣe ìwé ìhágún, gbogbo àrọ́mọdọ́mọ wá jọ ni ín láìpín in. Àbúrò kan lè ta ìpín tirẹ̀ fún yín, ohun tí ẹ rà ni àjọni pẹ̀lú ogún ènìyàn tí ẹ kò mọ̀. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2013 fún àwọn ẹbí ní àǹfààní láti kọ́kọ́ ra ìpín ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, torí náà ẹ má rò pé ẹ ó fi kóòtù lé àwọn tó kù kúrò. Kí òfin náà tó dé, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí púpọ̀. Bí ilẹ̀ bá rọjú jù lọ ní àdúgbò, ẹ béèrè iye ènìyàn tó máa fọwọ́ sí ìwé.

Warranty deed, ìwé tí olùtà fi ṣèlérí pé òun ló ni ilẹ̀, ni kí ẹ béèrè fún. Quitclaim kò ṣèlérí pé olùtà ní ohunkóhun. Ó kàn ń fún yín ní èyí tó bá ní. Àkọsílẹ̀ gbogbo káńtì wà lórí íkànnì GSCCCA, àjọ àwọn akọ̀wé kóòtù ìpínlẹ̀ náà, ìwé owó orí gbígbé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PT-61 sì máa ń sọ iye tí ilẹ̀ itòsí ti tà gan-an, kì í ṣe iye tí wọ́n pè é. Lọ́yà ni òfin ní kó parí títà ilẹ̀ ní Jọ́jíà, àmọ́ lọ́yà yẹn sábà máa ń ṣojú bánkì. Ẹ gba tiyín.

Ohun mẹ́ta mìíràn tí ìwé lè fi pamọ́. Ní àyíká Sandersville, amọ̀ funfun kaolin wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹlòmíràn sì lè ti ni ẹ̀tọ́ láti wà á. Igi páìnì tó wà lórí ilẹ̀ lè ti tà fún oníṣòwò igi kí ẹ tó dé. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà: ilẹ̀ tí kò kan títì, àfi kí ìwé sọ ọ̀nà tó gbà wọlé, bó ṣe fẹ̀ tó àti ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ni òfin lè mọ sí bí ẹ bá ní láti fi kóòtù gba ọ̀nà, tírákítọ̀ tó fẹ̀ sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó orí àti ipò yín ní Amẹ́ríkà

Owó orí ilẹ̀ oko ń dín kù gan-an lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní CUVA, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ni ẹ ó fi ṣèlérí pé oko ni yóò máa jẹ́. Ilẹ̀ tí kò tó ékà 10 ní láti fi ẹ̀rí títà hàn. Ẹni tó bá já ìlérí náà ń san ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́. Ìhà kan wà níbẹ̀ tí ó kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá: ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni òfin náà kọ sílẹ̀ fún ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ ni ilẹ̀. Ẹni tó ní green card nìkan, tó ra ilẹ̀ tó ku ọdún mẹ́fà lórí CUVA, lè já ìlérí ọjọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì olówó orí káńtì, kí ẹ sì kọ ẹni tó máa san owó ìtanràn sínú àdéhùn.

Kò sí òfin tó ní kí ọmọ Nàìjíríà má ra oko ní Jọ́jíà; òfin ìpínlẹ̀ ti 2024 lórí àwọn orílẹ̀-èdè ọ̀tá kò kàn án. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tí kò sì ní green card, gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù FSA-153 sọ fún ìjọba àpapọ̀ láàárín ọjọ́ 90 pé òun ra ilẹ̀ oko. Ìtanràn rẹ̀ lè tó ìdámẹ́rin iye ilẹ̀ náà. Ẹ̀yáwó FSA, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, wà fún ọmọ ìlú àti àwọn oní-green card: ti ríra ilẹ̀ lè dé 600,000 dọ́là pẹ̀lú ìrírí ọdún mẹ́ta nínú ìdarí oko; èyí kékeré tí kò ju 50,000 lọ kò le tó bẹ́ẹ̀.

Nínú àdéhùn ríra, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ 45 fún àyẹ̀wò. 14 tí ajẹ́ńtì máa ń mú wá kò tó. Ọjọ́ kìíní ni kí ẹ gbin ẹ̀wà sínú ìkòkò, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni kí sọ̀fíyọ̀ gba iṣẹ́, torí wọ́n máa ń ní iṣẹ́ tó pọ̀ nílẹ̀. Kànga, ìwé EPD àti àyẹ̀wò bóyá ilẹ̀ náà lè gba ṣálángá ilé ní ọ́fíìsì ìlera káńtì, ọ̀sẹ̀ kejì. Bí ẹ bá fẹ́ fagi lé e, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì fi ránṣẹ́ ṣáájú aago tí àdéhùn dá. Tí aago yẹn bá ti kọjá, owó ìdúró tí ẹ san lè di ti olùtà.